Ẹyọ Kan Tó Sọdá

Ní Dundee, oṣù Kìíní, aago mẹ́jọ àárọ̀,
ilẹ̀ ò tíì mọ́. Yìnyín ti dì mọ́ ilẹ̀kùn ilé dígí
bí iyọ̀ ṣe ń dì mọ́ ẹnu ìgò.
Mo fi èjìká ti ilẹ̀kùn. Inú lọ́hùn-ún móoru
bí abẹ́ ọ̀já ìyá ọmọ.
Mo bọ́ kóòtù, mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo kí wọn:
ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará orí igi.

Morag ló fi mí mọ̀ wọ́n,
ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń bomi rin wọ́n.
Mo ní, "Afòmọ́ rèé." Ó mirí.
Afòmọ́ a máa fa omi ara igi mu;
èyí jókòó léjìká igi, kò bu igi jẹ.
Gbòǹgbò rẹ̀ ò ju okùn tó fi so ara rẹ̀ ró.
Ewé ló fi ń mumi:
irun funfun wẹ́wẹ́, bí àtíkè lọ́rùn ọmọ tuntun,
ìkùukùu bá kọjá, wọ́n á lanu,
oòrùn bá mú, wọ́n á pa á dé.
Àwa tí à ń pòwe pé afòmọ́ ò légbò,
igi gbogbo ní í bá tan,
kí la ó wá pe eléyìí, tí kò bá igi kankan tan,
tó kàn yá èjìká jókòó?

Ọ̀kan wà tó dà bí àmù.
Ewé rẹ̀ yí po, omi dúró láàrin.
Nínú igbó tó ti wá, ọ̀pọ̀lọ́ ń tọ́mọ níbẹ̀,
ìdin ẹ̀fọn ń lúwẹ̀ẹ́, ewé jíjẹrà di ọbẹ̀ fún un.
Níbí, owó bàbà pẹ́nsì méjì tí ọmọ kan jù sí i ni mo bá.
Mo yára yọ ọ́. Bàbà a máa pa wọ́n.

Púpọ̀ nínú wọn, òru ni wọ́n ń mí.
Ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á tilẹ̀kùn ara
kí omi má baà sá.
Fẹ̀hìntọlá ọkọ mi náà nìyẹn,
tó ń ṣọ́ àwọn arúgbó lóru ní Broughty Ferry.
Ó ń wọlé, mo ń jáde.
Ẹnu ọ̀nà la ti ń ṣe lọ́kọláya.

Ìdílé ọ̀pẹ̀yìnbó ni gbogbo wọn!
Ọ̀pẹ̀yìnbó tí ìyá mi àgbà ń gún orí rẹ̀ mọ́lẹ̀
lẹ́yìn balùwẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé,
tí yóò kó koríko tútù sítòsí rẹ̀, tí yóò finá sí i:
"Èéfín ni yóò rán an létí pé ó ti dàgbà."
Àlọ́ ni mo pè é.
Àfi lọ́jọ́ tí Morag ki ápù pípọ́n kan
sínú ọ̀rá Tẹ́síkò pẹ̀lú ìkòkò ewéko, tó so ẹnu ọ̀rá pa,
tó ní atẹ́gùn ara ápù ni yóò jẹ́ kó tanná.
N kò lè sọ̀rọ̀.
Ìyá mi àgbà wà nínú ọ̀rá.

Ó tanná lẹ́ẹ̀kan péré. Lẹ́yìn náà ó ń rọ,
díẹ̀díẹ̀, ọmọ ti yọ nídìí rẹ̀.
Òwe ọ̀gẹ̀dẹ̀ bá òun náà mu.

Ní kọ̀rọ̀, lórí òkúta, ni ẹyọ yẹn wà.
Irú wọn lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta,
Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn, láti orí àpáta ìhà Guyana
títí dé aṣálẹ̀ tí òjò gbàgbé.
Àfi ọ̀kan. Ó sọdá.
Ó tó mílíọ̀nù ọdún mẹ́wàá, wọ́n ní,
tí irúgbìn bíńtín kan bọ́ sójú àpáta ní Guinea.
Ìjì ni, àbí ẹsẹ̀ ẹyẹ? Kò sẹ́ni tó mọ̀.
Kò sí ọkọ̀ nígbà náà. Kò sí ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀. Kò sí físà.
Òdòdó rẹ̀ pọ́n bí ẹyin iná.

Mo bi Morag: ṣé ó ti di onílé báyìí,
àbí àlejò ni síbẹ̀?
Ó ti ìka bọ iyẹ̀pẹ̀. Ó ní, "Òùngbẹ ń gbẹ ẹ́."
Mo bu omi òjò Dundee, mo rọra dà á sí i nídìí.
Mo kí i lédè ilé wa.
Kò dáhùn.
Bóyá Fúlàní nìkan ló gbọ́.